Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fẹ́ ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù: kí ló fa awuyewuye, ta ló sì láṣẹ láti sọ pé rárá?

Ìgbàkígbà tí orúkọ gbajúmọ̀ kan láti orí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà bá ti jáde pé ó fẹ́ dá owó sínú ẹgbẹ́ eré ìdárayá, awuyewuye kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní owó ẹni ni, kò sẹ́ni tó lè ní kó má fi ra ohun tó wù ú. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó ti fẹnu tẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù kò lè tún wá di ọ̀gá wọn. Láàárín ariwo yẹn ni òótọ́ àti irọ́ ti ń dàpọ̀. Ẹni tí wọ́n lé, ẹni tí wọn kò jẹ́ kó wọlé, ẹni tó fúnra rẹ̀ tà á, gbogbo wọn a di ọ̀kan náà lẹ́nu àwọn èèyàn. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì ni gbogbo kókó ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Rush Limbaugh àti Rams?

Ìtàn tí gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí nìyí. Rush Limbaugh ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tó gbajúmọ̀ jù lọ láàárín àwọn tó ń gbè lẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú Republican. Ìlú Cape Girardeau ní ìpínlẹ̀ Missouri ni wọ́n ti bí i ní 1951, ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé gbogbo Amẹ́ríkà ní 1988, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún 2021. Ó fẹ́ràn eré ìdárayá dénú: kó tó di gbajúmọ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìpolówó ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Kansas City Royals láti 1979. Owó náà kò sì jẹ́ ìṣòro fún un. Àdéhùn iṣẹ́ rédíò tó tọwọ́ bọ̀ ní 2008 tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 dọ́là fún ọdún mẹ́jọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, ìròyìn jáde pé Limbaugh wà lára àwọn tí Dave Checketts kó jọ láti ra St. Louis Rams, ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nínú líìgì NFL. Checketts yìí ló ń darí ẹgbẹ́ hockey ìlú náà, St. Louis Blues. Georgia Frontiere tó ni Rams ti kú ní oṣù kìíní ọdún 2008. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Chip Rosenbloom àti Lucia Rodriguez, ló jogún ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì fẹ́ tà á. Ìdá 40 tó kù wà lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Stan Kroenke. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ ọkùnrin yìí sọ́kàn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo ètò náà fi dàrú mọ́ Limbaugh lórí. DeMaurice Smith, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù NFL, kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù láti tako ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ bíi Al Sharpton àti Jesse Jackson náà dá sí i. Mathias Kiwanuka ti New York Giants àti Bart Scott ti New York Jets sọ gbangba pé àwọn kò ní gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà, níbi tí àwọn tó ni ẹgbẹ́ ti pàdé ní Boston, Jim Irsay tó ni Indianapolis Colts là á mọ́lẹ̀ pé òun kò ní dìbò fún un. Kọmíṣọ́nnà NFL, Roger Goodell, náà sọ lọ́jọ́ yẹn pé ọ̀rọ̀ tó ń pín àwọn èèyàn níyà kò bá ohun tí NFL dúró fún mu. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Checketts yọ orúkọ Limbaugh kúrò.

Wọn kò dìbò kankan. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé NFL kọ Limbaugh, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ NFL tí àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ ra ẹgbẹ́ náà fi já a sílẹ̀. Wọ́n ti ka ìbò lọ́kàn, wọ́n sì rí i pé kò ní pé.

Kí ló sọ gan-an, kí ni wọ́n sì purọ́ mọ́ ọn?

Ibí ló yẹ kí a fara balẹ̀ sí jù, nítorí orí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n gbé gbogbo ẹjọ́ náà lé, tí a kò bá sì mọ ọ̀rọ̀ tó sọ, ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí àní-àní lórí wọn. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá ESPN gbà á pé kó wá máa bá wọn jíròrò lórí bọ́ọ̀lù, ó sọ̀rọ̀ nípa Donovan McNabb, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe quarterback, ìyẹn ẹni tó ń darí eré, fún Philadelphia Eagles. Ó ní McNabb kò dára tó bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn, pé àwọn oníròyìn ló ń wù pé kí quarterback aláwọ̀ dúdú ṣe àṣeyọrí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 2007, ó tún sọ lórí rédíò pé eré NFL máa ń jọ ìgbà tí àwọn ọmọ ìta Bloods àti Crips bá pàdé láìmú ohun ìjà lọ́wọ́. Nǹkan bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn agbábọ́ọ̀lù NFL nígbà náà ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi dun àwọn tó ń fi ara wọn ṣiṣẹ́ lórí pápá.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí wọ́n ń gbé kiri ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀kan ní ó yin òwò ẹrú. Òmíràn ní ó yin ẹni tó pa Martin Luther King. Limbaugh ní òun kò sọ wọ́n rí, kò sì sí ẹni tó lè mú ohùn rẹ̀ tàbí ọjọ́ tó sọ wọ́n wá. Àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ti kà wọ́n jáde padà wá gbà pé àwọn kò rí ẹ̀rí. Ìgbà yẹn, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ohun tí irọ́ yìí fi hàn ni pé wọ́n kàn fẹ́ bà á jẹ́ ni. Àwọn tó takò ó ní kò sí ohun tí irọ́ náà yí padà, nítorí èyí tó jẹ́ òótọ́ nìkan ti tó. Ìhà méjèèjì ní ohun tí wọ́n dì mú. Èyí tó dájú ni pé ó yẹ kí wọ́n ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́ kí ìdájọ́ tó dé, àti pé wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ta ló láṣẹ láti gba ẹnì kan wọlé tàbí láti kọ̀ ọ́?

Kì í ṣe ẹni tó ń tà nìkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ẹ bá lówó, tí ẹni tó ni ẹgbẹ́ sì gbà láti tà á fún yín, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ 32 ló para pọ̀ di NFL, àwọn tó ni wọ́n sì jọ ń pín owó tẹlifíṣọ̀n láàárín ara wọn ni. Ẹni tó bá wọlé di alájọpín owó pẹ̀lú gbogbo àwọn tó kù. Ìdí nìyí tí òfin wọn fi sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyẹn ìbò 24, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà èyíkéyìí. Ẹni mẹ́sàn-án péré ti tó láti dá a dúró, òfin kò sì fi dandan lé e pé kí wọ́n sọ ìdí wọn fún aráyé. NBA, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá, àti líìgì bésíbọ́ọ̀lù náà ń béèrè ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ó yẹ kí a tún mọ irú ipò tí Limbaugh fẹ́. Nínú NFL, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí láàárín àwọn tó ra ẹgbẹ́, ìpín tirẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ló ń dìbò, òun ló ń gba olùkọ́ni sí iṣẹ́, òun ló ń lé e. Àwọn tó kù ń dá owó ni, wọn kò láṣẹ. Checketts sọ nínú ọ̀rọ̀ tó fi yọ Limbaugh kúrò pé ọ̀kan lára àwọn tí kò láṣẹ yìí ni ì bá jẹ́, pé kì bá tí dá sí ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù tàbí bí wọ́n ṣe ń darí ẹgbẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè ọdún 2009 kéré sí bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́: ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ lè ní ìpín tí kò láṣẹ? Ìdáhùn tó wá láti Boston ni pé rárá.

Ṣé òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ kò dáàbò bò ó ni?

Ní ti òfin, rárá. Àtúnṣe àkọ́kọ́ sí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà dí ìjọba lọ́wọ́ láti fìyà jẹ ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ. NFL kì í ṣe ìjọba. Àwọn oníṣòwò tó dara pọ̀ lè sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹnì kan láàárín àwọn.

Ibi tí òfin ti lè mú wọn ni òfin tó ń dènà kí àwọn oníṣòwò máa gbìmọ̀ pọ̀ láti dí ẹlòmíràn lọ́nà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ American Needle pé ẹgbẹ́ 32 náà kì í ṣe iléeṣẹ́ kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n bá ń ta àmì wọn fún àwọn tó ń rán fìlà. Gbogbo àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló fẹnu kò lé e lórí. Ẹjọ́ fìlà nìyẹn o, kì í ṣe ẹjọ́ ẹni tó lè ra ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí àwọn agbẹjọ́rò líìgì mọ̀ pé ìpinnu tí wọ́n bá jọ ṣe kò kọjá àyẹ̀wò ilé ẹjọ́.

Àwọn tó ń gbè Limbaugh kò sì gbé ọ̀rọ̀ wọn ka orí òfin nìkan. Wọ́n ní bí líìgì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn, níbo ni yóò ti dúró? Ní ọdún 2009 yẹn kan náà, Miami Dolphins fún àwọn olórin bíi Gloria Estefan, Marc Anthony àti Fergie ní ìpín, kò sì sẹ́ni tó yẹ orin wọn wò. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ń fún àwọn olóṣèlú lówó ní gbangba. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tó ń fi ẹnu sọ ọ́ ni wọ́n dá lẹ́bi, tí wọ́n fi ẹni tó ń fi owó sọ ọ́ sílẹ̀?

Èsì àwọn tó takò ó ni pé agbábọ́ọ̀lù kò lè yan ibi tó máa ṣiṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ yòókù. Bí Rams bá mú ọmọ kan nígbà tí wọ́n bá ń pín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ló máa lọ, àfi tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tó bá di ọ̀gá rẹ̀, òun kọ́ ló yàn án. Fún mi, ẹ̀rí yìí ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ lọ́dún náà, ó sì yà mí lẹ́nu pé òun ni wọ́n kì í sábà rántí.

Ẹni tó ti ni ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń kọ́?

Ọ̀tọ̀ ni ká má ṣílẹ̀kùn fún àlejò, ọ̀tọ̀ ni ká lé onílé jáde. Líìgì kì í fẹ́ ṣe èkejì.

Marge Schott tó ni Cincinnati Reds sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé nípa àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn Júù. Ní 1993, líìgì bésíbọ́ọ̀lù ní kó yẹra fún ọdún kan, wọ́n sì bu owó ìtanràn 25,000 dọ́là lé e. Ní 1996, ó tún sọ ohun tó dà bí ìyìn fún Hitler, wọ́n sì gba àkóso ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà kan. Síbẹ̀, ọdún 1999 ló tó ta ìpín tó fi ń darí ẹgbẹ́ náà.

Ti Donald Sterling ló yá jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ jáde, níbi tí ọkùnrin tó ni Los Angeles Clippers yìí ti ń sọ pé òun kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́bìnrin òun máa mú àwọn aláwọ̀ dúdú wá síbi eré òun. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bọ́ aṣọ ìgbáradì wọn jù sílẹ̀ ní àárín pápá, wọ́n sì yí èyí tó kù sí wọn lára sódì kí orúkọ ẹgbẹ́ má bàa hàn. Àwọn onígbọ̀wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí kọmíṣọ́nnà NBA, Adam Silver, fi lé e kúrò nínú líìgì títí ayé, pẹ̀lú ìtanràn mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Kó tó pé oṣù mẹ́rin, Steve Ballmer ti ra ẹgbẹ́ náà ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Mílíọ̀nù 12.5 ni Sterling rà á ní 1981.

Ẹ wá wo èyí. Ní 2009, ọdún tí wọ́n dí Limbaugh lọ́nà gan-an, Sterling san nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 dọ́là láti yanjú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pè é pé ó ń fi ẹlẹ́yàmẹ̀yà dí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn mìíràn lọ́wọ́ láti háyà ilé rẹ̀. Ó ní òun kò jẹ̀bi. NBA kò fi ọwọ́ kan kàn án. Ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe sí àwọn ayálégbé kò mú ìyà wá. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún ẹnì kan ní ìkọ̀kọ̀ ló mú un wá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ 2014 dé etí gbogbo ayé, àwọn onígbọ̀wọ́ sì kó owó wọn lọ. Ẹni tó bá ń wá ìlànà tí líìgì ń tẹ̀ lé, ibẹ̀ ni kó wò.

Ní 2020, ọ̀rọ̀ tún gba ibòmíràn. Kelly Loeffler, aṣòfin tó tún jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ni Atlanta Dream nínú líìgì bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá àwọn obìnrin, tako bí líìgì náà ṣe ń ti Black Lives Matter, àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, lẹ́yìn. Líìgì kò lé e. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ fúnra wọn wọ ẹ̀wù tó ní kí wọ́n dìbò fún Raphael Warnock tó ń bá a du ipò. Warnock wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2021, oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì ta ẹgbẹ́ náà. Renee Montgomery, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Dream rí, wà lára àwọn tó rà á.

Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ìṣòro oníṣẹ́ ìròyìn tó bá ra ẹgbẹ́?

Rárá, nígbà mìíràn agbára tó ní lórí ìròyìn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ted Turner ra ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Atlanta Braves ní 1976, ó sì ń gbé eré wọn sáfẹ́fẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ dé gbogbo Amẹ́ríkà, èyí tó bí àwọn ẹgbẹ́ tí ìlú wọn ni eré náà ń wọ̀ nínú. Nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox ti Rupert Murdoch ra ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Los Angeles Dodgers ní 1998 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 311 dọ́là, ìbẹ̀rù kan náà ló wà níbẹ̀. Wọ́n ta á ní 2004.

Donald Trump náà gbìyànjú láti ra Buffalo Bills ní 2014, nígbà tó ṣì jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Owó ló pinnu ìyẹn: Terry àti Kim Pegula san bílíọ̀nù 1.4 dọ́là, wọ́n sì gbà á. NFL kò sì tíì gbàgbé pé Trump wà lára àwọn tó ti líìgì USFL, tó ń bá NFL díje nígbà náà, láti pe NFL lẹ́jọ́ ní 1984, ẹjọ́ tí USFL jàre rẹ̀ ní 1986 ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé dọ́là kan péré ni ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ dá fún wọn, tí òfin sì sọ ọ́ di mẹ́ta.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti Tom Brady, tó ti jẹ́ quarterback nínú NFL rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn tó ni ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i pé kó ní ìpín nínú Las Vegas Raiders, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣàlàyé eré lórí Fox. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń kọ àwọn èèyàn lóminú ni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ẹgbẹ́ ní owó nínú ọ̀kan lára wọn. NFL ní kò gbọdọ̀ ṣe lámèyítọ́ àwọn rẹfirí, kò gbọdọ̀ wọ ibi ìgbáradì ẹgbẹ́ mìíràn, kò sì gbọdọ̀ bá wọn jókòó nínú ìpàdé tí àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa ń bá olùkọ́ni ṣe ṣáájú eré. Lẹ́yìn sáà àkọ́kọ́, wọ́n tú ti ìpàdé yìí díẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, kámẹ́rà mú un níbi tó jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́ni Raiders pẹ̀lú ohun ìgbọ́rọ̀ létí, ni ariwo bá tún sọ. NFL ní kò rú òfin kankan.

Kí ni èyí kan ẹni tó kàn fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Stan Kroenke. Lẹ́yìn tí Limbaugh ti kúrò lọ́nà, Shahid Khan ló fẹ́ ra ìdá 60 náà. Kroenke lo ẹ̀tọ́ tó ní láti san iye kan náà, àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹjọ ọdún 2010. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan tí wọ́n rí mú sí i lọ́rùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, àwọn ẹgbẹ́ dìbò 30 sí 2 pé kó kó Rams lọ sí Los Angeles. St. Louis pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 pẹ̀lú mílíọ̀nù 790 dọ́là. Ìlú náà kò tíì ní ẹgbẹ́ NFL mìíràn láti ìgbà náà.

Gbogbo àríyànjiyàn ọdún 2009 dá lórí ohun tí ẹnì kan ti fẹnu sọ. Ariwo yẹn bo ìbéèrè bóyá ẹni tó bá ra ẹgbẹ́ náà máa fi í sílẹ̀ sí St. Louis mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó kan àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì jù lọ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú NFL tí ìbéèrè ta ló yẹ kó rà á kì í yọ lẹ́nu. Láti 1923 ni Green Bay Packers ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ti jẹ́ ti àwọn aráàlú tó ra ìpín. Wọ́n lé ní 500,000 báyìí. Ìpín náà kì í mú èrè wá, ẹnikẹ́ni kò lè kó púpọ̀ jọ débi tí yóò fi máa darí ẹgbẹ́, a kò sì lè tà á fún olówó kan láti ibòmíràn. Òfin NFL ti dí ìlú èyíkéyìí mìíràn lọ́wọ́ láti ṣe irú rẹ̀.